Iṣẹ́ Tí Kì Í Hàn Nínú Ìwé: Ìrìn Al Horford Nídìí Básíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá wá síbí. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí agbábásíkẹ́ẹ̀tì kan tí ọ̀dọ́ lè wò kọ́ṣẹ́, mo mọ̀ pé LeBron lẹ ó máa retí, tàbí Giannis ọmọ Adétòkunbọ̀ tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹlòmíràn ni mo mú wá. Al Horford ló ń jẹ́, ọmọ Dominican Republic ni. Ká má ṣì í gbé o, n ò sọ pé Dominica, erékùṣù kékeré tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Orílẹ̀-èdè tó bá Haiti pín erékùṣù kan náà ni mò ń wí, Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Kí n tó sọ ibi tí wọ́n ti bí i, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín ná. Mo nílò ọmọ mẹ́ta. Ìwọ, gba bọ́ọ̀lù yìí, máa tà á nílẹ̀. Ìwọ, dúró tì í, má jẹ́ kó rí ọ̀nà kọjá. Ìwọ tó ga yìí, wá dúró síbí, fẹ ẹsẹ̀ méjèèjì, ká apá mọ́ àyà, má mira. Ó yá, oníbọ́ọ̀lù, sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èjìká rẹ yóò fi kan tirẹ̀. Ẹ rí i? Ẹni tó ń lé e bọ̀ ti fi àyà sọ ògiri. Kó tó yí ara padà, oníbọ́ọ̀lù ti wà lójú agbọ̀n ní òun nìkan.

Ohun tí à ń pè ní screen nìyẹn. Tí ògiri yẹn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀ báyìí, adájọ́ yóò fọn fèrè pé ó jẹ̀bi. Tó bá tètè kúrò, kò wúlò. Tó bá sì dúró dáadáa, tí oníbọ́ọ̀lù jẹ àmì méjì, ìwé àkọsílẹ̀ yóò kọ orúkọ ẹni tó jù ú sínú agbọ̀n. Orúkọ ògiri kò ní sí níbẹ̀. Ẹni mẹ́wàá ló máa ń wà lórí pápá básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọn. Ẹni mẹ́sàn-án ló ń ṣiṣẹ́ tí ojú wa kì í sí lára wọn, iṣẹ́ àwọn mẹ́sàn-án yẹn sì ni Horford mọ̀ jù.

Wọ́n bí i ní ìlú Puerto Plata ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1986. Baseball ni eré tó gba ọkàn àwọn ará ibẹ̀, bí eré ẹlẹ́sẹ̀ ṣe gba ọkàn tiwa níbí. Ṣùgbọ́n ẹni bíni là á jọ. Tito Horford, bàbá rẹ̀, ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, òun sì ni ọmọ Dominican Republic àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù ní NBA, ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń gbá a fún owó ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ NBA máa ń tò tẹ̀ léra mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan; Milwaukee Bucks ló mú un ní 1988, òun ni ẹnì kọkàndínlógójì tí wọ́n mú lọ́dún yẹn. Sáà mẹ́ta péré ló lò ní NBA. Oníròyìn eré ìdárayá ni ìyá rẹ̀, Arelis Reynoso. Ọ̀dọ̀ ìyá ló dàgbà sí, kó tó lọ bá bàbá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, ó kúrò létí òkun, ó bọ́ sí ibi tí yìnyín ti ń bò ilẹ̀.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Yunifásítì Florida ní 2004, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Billy Donovan. Òun, Joakim Noah, Corey Brewer àti Taurean Green ni wọ́n jọ wọlé lọ́dún kan náà. Ní 2006 wọ́n na UCLA 73 sí 57, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin òbí, ẹ tẹ́tí sí èyí. Owó ńlá ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà NBA lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ò lọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sílé ẹ̀kọ́ fún ọdún kan sí i, wọ́n sì tún gba ife náà ní 2007. Ohio State ni wọ́n na lọ́tẹ̀ yìí, 84 sí 75. Greg Oden, tí wọ́n máa mú ṣáájú gbogbo ẹni tó wọ NBA lọ́dún náà, ló dojú kọ Horford níbẹ̀. Horford jẹ àmì 18, ó sì gba bọ́ọ̀lù 12 tó ta padà láti ojú agbọ̀n.

Ní oṣù kẹfà 2007, wọ́n mú Oden ṣe ìkíní, Kevin Durant ṣe ìkejì, Atlanta Hawks sì mú Horford ṣe ìkẹta. Láti 1999 ni Hawks kò ti dé ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, níbi tí ẹgbẹ́ méjì ti máa ń bá ara wọn gbá títí ọ̀kan yóò fi borí nínú eré mẹ́rin. Ọdún àkọ́kọ́ tí Horford dé, wọ́n dé ibẹ̀. Boston ni wọ́n bá pàdé, wọ́n fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí dé eré keje kí Boston tó rí wọn yọ, Boston yẹn náà ló sì gba ife lọ́dún náà. Ẹ fi ọkàn sí orúkọ Boston yìí.

Ọdún mẹ́sàn-án ló lò ní Atlanta. N ò ní ka gbogbo rẹ̀ fún yín. Iṣan àyà rẹ̀ já lápá òsì ní oṣù kìíní 2012. Nígbà tí ìyẹn san tán, tọ̀tún já ní oṣù kejìlá 2013. Ìgbà méjèèjì ló padà wá, tó tún ń fi àyà kan náà ṣe ògiri fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kìíní 2015, Hawks gbá eré 17, wọ́n borí nínú gbogbo 17. Lóṣooṣù ni NBA máa ń yan ẹnì kan tó ta yọ jù ní ìhà ìlà-oòrùn àti ẹnì kan ní ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n lóṣù yẹn àwọn márààrún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré fún Hawks ni wọ́n jọ fún ní ẹ̀yẹ náà. Mo ti wo fídíò àwọn eré náà lóríṣiríṣi. Bọ́ọ̀lù ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í lè tẹ̀ lé e, Horford sì ni oríta tí gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá.

Síbẹ̀, ògbólógbòó kan wà lójú ọ̀nà rẹ̀. LeBron James. Ní 2009, 2015 àti 2016, Cleveland, ẹgbẹ́ rẹ̀, gbá Hawks dànù nínú ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ. Eré méjìlá ni àpapọ̀ rẹ̀, Hawks kò borí ẹyọ kan. Horford lọ sí Boston ní 2016, àdéhùn ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 113 dọ́là. LeBron tún dá a dúró ní 2017, ó tún dá a dúró ní 2018. Ìgbà márùn-ún nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá mú lọ sílé wà nínú ọdún tó ṣáájú lílọ rẹ̀ sí Boston. Nínú sáà mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí Horford gbá, bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta tó jù wọlé láti ẹ̀yìn ilà kò pé 30. Abẹ́ agbọ̀n ni ibùgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré náà ń yí padà, àwọn ẹgbẹ́ ti ń wá òmìrán tó lè jù ú láti òkèèrè kí àárín pápá lè ṣófo fún àwọn tó ń sáré. Ní sáà kẹsàn-án, lẹ́ni ọdún 29, tó ti jẹ́ àgbà láàárín wọn, Horford jù 88 wọlé. Mo máa ń rí àwọn tó gbọ́n nídìí eré yìí tí wọn kì í fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun mọ́ bí wọ́n bá ti pé ọdún 25. Tèmi ni pé ohun tí Horford kọ́ lọ́dún yẹn ló fi ọdún mẹ́wàá kún iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà burúkú náà dé. Ní 2019 ó lọ sí Philadelphia. Joel Embiid ti wà níbẹ̀, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ lórí pápá, àgbò méjì kì í sì í mumi nínú koto kan. Sáà kan, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Oklahoma City. Níbẹ̀ ó gbá eré 28. Nígbà tó di oṣù kẹta 2021, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, àwọn ọmọdé làwọn fẹ́ máa lò. Kò ṣàìsàn, kò farapa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbà pé ó ti parí nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Boston fi Kemba Walker ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n gbà á padà.

Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 2022, Milwaukee gba Boston lálejò. Giannis ọmọ tiwa rì bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n lé Horford lórí, ó sì tẹjú mọ́ ọn bó ti ń kọjá lọ. Ẹ wá fídíò rẹ̀ wò. Horford kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń mi orí rẹ̀ sókè sódò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Ní ìdá kẹrin eré náà, ó sáré wá láti ẹ̀gbẹ́, ó rì í lé Giannis náà lórí. Àmì 30 ló jẹ lálẹ́ yẹn, kò jẹ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ. Boston borí, 116 sí 108. Èmi tí mo máa ń ṣe ti Giannis, mo dìde lórí àga fún Horford lọ́jọ́ náà.

Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà, Boston bá Miami gbá eré keje, ní Miami, ẹni tó bá borí ló ń lọ sí àṣekágbá. Boston fi àmì méjì péré ṣáájú, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Jimmy Butler ti Miami gbé bọ́ọ̀lù sáré bọ̀, Horford nìkan ló wà níwájú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Butler dúró lójijì, ó ju alámì mẹ́ta tí ì bá gba gbogbo rẹ̀. Horford na ọwọ́ sókè láìfara kàn án. Bọ́ọ̀lù lu irin agbọ̀n, ó ta jáde. Eré 141 ni Horford ti gbá nínú ìdíje kò-mẹsẹ̀-ó-yọ láìdé àṣekágbá rí. Nígbà tí fèrè dún, ó wó lulẹ̀ lórí pápá. Òun ni ọmọ Dominican Republic àkọ́kọ́ tó dé àṣekágbá NBA. Golden State ló na wọ́n níbẹ̀, eré mẹ́rin sí méjì.

Ife náà wá ní 2024. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, ní Boston, wọ́n na Dallas 106 sí 88 láti parí rẹ̀ ní eré karùn-ún. Ọmọ ọdún 38 ni Horford. Joe Mazzulla, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń darí rẹ̀, fi ọdún méjì kéré sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ṣe rí láàárín wa, ẹ rò ó wò: àbúrò ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ń ṣe é. Kristaps Porzingis tó yẹ kó máa bẹ̀rẹ̀ eré ti farapa láti oṣù kẹrin, Horford ló bọ́ sípò rẹ̀. Ní Indiana, lọ́jọ́ tí Boston ti fi àmì 18 wà lẹ́yìn kí wọ́n tó lé e bá, alámì mẹ́ta méje ló jù wọlé. Kò sí ọmọ Dominican Republic kankan tó gba ife NBA ṣáájú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí Caracas, olú-ìlú Venezuela, nítorí ó kàn wá. Ní 2011 ni Brazil dá Dominican Republic dúró lójú ọ̀nà sí Òlíḿpíìkì. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù ní Caracas, ní oṣù keje 2012. Horford wà níbẹ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè rẹ̀, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tún iṣan àyà rẹ̀ ṣe. Karl-Anthony Towns, ọmọ ọdún 16, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ta ló dojú kọ wọ́n? Nàìjíríà, tí Ayọ̀ Bákàrè ń darí, tí Olúmìdé Oyèdèjì jẹ́ balógun. A ti na Lithuania àti Greece kí a tó débẹ̀. A na wọ́n 88 sí 73, a lọ sí London, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin wa yóò dé Òlíḿpíìkì. Mo jó lọ́jọ́ náà. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó tún eré náà rò láti ìhà kejì. Ọkùnrin tí mo ń sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí kò rí Òlíḿpíìkì gbá, orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò sì tíì débẹ̀ nínú básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin títí di 2024. Ayọ̀ tiwa ni ìbànújẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò lè sọ ìtàn rẹ̀ kí n fo ibẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá 2025, ó lọ sí Golden State, ẹgbẹ́ tó nà án ní 2022. Ọmọ ọdún 39 ni nígbà náà. Oden ti fi NBA sílẹ̀ tipẹ́. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tí wọ́n jọ wọlé ní 2007. Tí ẹ bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi oníbọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo ẹsẹ̀ Horford.

Lẹ́yìn tí a parí, ọmọ gíga tí mo fi ṣe ògiri lẹ́ẹ̀kan wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo dúró dáadáa?” Mo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí àyà kan àyà. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn tó dé.