Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Láti Máa Bi Páálí Oúnjẹ Léèrè Ọ̀rọ̀

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Orí tábìlì ilé ìdáná la ti máa ṣe iṣẹ́ òní. Ọmọ ọdún méje sí méjìlá ló bá a mu jù, torí wọ́n ti lè kàwé, wọ́n sì ti mọ ìṣirò díẹ̀. Ẹ wá ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan, páálí ohun mímu kan tí wọ́n ya èso sí lára, nóódù ọ̀rá kan, àti ṣúgà inú ọ̀rá, kì í ṣe oníkúúbù. Ẹ fi ife gíláàsì kún un, àti ṣíbí tíì, ọ̀bẹ kan, ìwé àti báírò pupa.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ fún ọmọ pé nǹkan kan burú. Bẹ́ ẹ bá ti la ẹnu pé “májèlé ni”, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn. Ọmọ á dákẹ́ níwájú yín, á lọ mu ún lẹ́yìn yín. Tiyín ni kẹ́ ẹ béèrè. Tiẹ̀ ni kó wá ìdáhùn.

Ẹ gbé páálí elésò yẹn síwájú rẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá dojú rẹ̀ délẹ̀. Kí ọmọ kọ gbogbo ohun tó rántí: ọsàn tí omi ń kán lára rẹ̀, ẹranko tó ń rẹ́rìn-ín, “Natural”, “Vitamin C”. Ẹ wá bi í pé: èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ló ṣeé mu? Èwo ló jẹ́ àwòrán lásán? Èwo ló jẹ́ ìlérí? Ẹ jẹ́ kó rò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ á sọ pé ọsàn ló wà nínú páálí torí pé ọsàn ni wọ́n rí. Ẹ má tíì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ fítámì gba àlàyé, torí ibẹ̀ ni àgbà pàápàá ti máa ń ṣìnà. Ẹ yẹ ọ̀rá ṣúgà yín wò, ẹ ó rí “Vitamin A” lára rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ló ní kí wọ́n máa fi í sínú ṣúgà, ìyẹ̀fun àlìkámà àti òróró. Ó wúlò fún ojú ọmọ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣúgà ṣì ni ṣúgà. Kí ọmọ mọ̀ pé fítámì tí wọ́n fi sí nǹkan kò sọ fún wa ohun tó kù nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ yí páálí padà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Ingredients” sí. Ìlànà kan ló wà níbẹ̀ tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí: ohun tó wúwo jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, èyí tó kéré jù ló ń gbẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ páálí elésò, omi ló síwájú, ṣúgà tẹ̀ lé e, èso tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ wá ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ọmọ fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó jẹ́ ṣúgà, torí orúkọ ṣúgà pọ̀: sucrose, glucose syrup, dextrose, fructose. Nígbà míì wọ́n á fi mẹ́ta nínú wọn sí oúnjẹ kan. Bí wọ́n bá pín in báyẹn, kò ní sí èyí tó wúwo tó láti gba ipò kìíní, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ wọn lè ju gbogbo ohun tó kù lọ.

Àṣìṣe kan máa ń wọ ibí. Bí ọmọ bá gbọ́ pé ohun tó parí sí “-ose” jẹ́ ṣúgà, á fa ìlà sábẹ́ “cellulose” pẹ̀lú. Ìyẹn kì í ṣe ṣúgà, ohun tó ń mú omi ki ni. Ẹ yìn ín pé ó fojú sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé.

Lẹ́yìn náà, kó fi àmì sí gbogbo ohun tí kò sí nínú ilé ìdáná yín. Ìbéèrè yìí lágbára ju “ṣé oúnjẹ inú ọ̀rá ni?” lọ. Gàrí wà nínú ọ̀rá: wọ́n bó ẹ̀gẹ́, wọ́n rin ín, wọ́n fún un, wọ́n yan án, ẹ̀gẹ́ náà ló ṣì jẹ́. Sàdíìnì wà nínú agolo, ẹja, òróró àti iyọ̀ ni. Carlos Monteiro, onímọ̀ nípa oúnjẹ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní São Paulo, ní Brazil, ló pín oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́rin nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i lára. Ìyàtọ̀ tí wọ́n fà yọ ni ọmọ ń kọ́ níbí: oúnjẹ tí wọ́n kàn tọ́jú, àti èyí tí wọ́n to jọ láti inú àwọ̀, ìtasánsán àti àdàlù ilé iṣẹ́. Bó bá rí E102 tàbí “tartrazine”, kó fi àmì sí i. Àwọ̀ yẹ́lò ni. Láti 2010 ni òfin àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára oúnjẹ tó ní in nínú, pé ó lè dí ìfọkànsí ọmọ lọ́wọ́.

Ó wá kan ṣúgà. Ẹ fún ọmọ ní ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó wá ibi tí wọ́n kọ “sugars” sí. Ẹ ṣọ́ra: àwọn kan máa ń kọ iye tó wà nínú 100ml, àwọn míì á kọ iye tó wà nínú ìwọ̀n ẹnì kan, tí kò tó ìgò náà. Ká ní gíráàmù 10 ló wà nínú 100ml. Ìgò 50cl jẹ́ 500ml, nítorí náà, 10 lọ́nà 5 jẹ́ gíráàmù 50. Ṣíbí tíì kan tó ṣe déédéé jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4. Bẹ́ ẹ bá fi 4 pín 50, ó jẹ́ ṣíbí méjìlá àtààbọ̀.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó bù ú. Kó bu ṣíbí kan, kó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, kó dà á sínú gíláàsì, kó ka “ọ̀kan”. Bí ṣíbí bá ga gegele, iye á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, irọ́ lẹ sì kọ́ ọ yẹn. Ẹ má sọ nǹkan kan títí á fi dé méjìlá àtààbọ̀. Ní nǹkan bí ìkẹfà, ọ̀pọ̀ ọmọ á gbójú sókè wo yín, wọ́n á ní, “Màmá, ṣé ó ṣì kù?” Ẹ dáhùn pé ó kù, kó máa bù ú lọ. Bó bá parí, ẹ jẹ́ kó fi gíláàsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, kó wò ó. Ìgbà yẹn lẹ lè sọ pé American Heart Association, àjọ ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, ní kí ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ ọmọ ọdún 2 sí 18 má tó gíráàmù 25 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí mẹ́fà. Ẹ da ṣúgà náà padà sínú ọ̀rá, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ti nóódù yá kíákíá. Wọ́n ya itan adìẹ, ẹyin àti ẹ̀fọ́ sí iwájú ọ̀rá. Ẹ tú u sórí àwo funfun, kí ọmọ wá itan adìẹ náà. Nóódù àti ọ̀rá èròjà ló máa rí. Kó wá gbólóhùn kékeré yìí lára ọ̀rá: “serving suggestion”, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa ra adìẹ. Kó tún wá “sodium”, ìyẹn èròjà tó wà nínú iyọ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5, iye iyọ̀ nìyẹn: miligíráàmù 800 jẹ́ gíráàmù 2 iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ dín sí i. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sè é, ẹ fi ààbọ̀ èròjà náà sí i, kẹ́ ẹ fi ẹyin àti tẹ̀tẹ̀ kún un.

Fún ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa ohùn rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ohùn, kí ọmọ yí ẹ̀yìn sí i. Kó sọ ohun tí àwòrán ṣe àti ohun tí orin ṣe. Ẹ bi í pé ta ló sanwó fún un, àti pé kí ni wọn ò sọ. Ó lè ní àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń dunnú torí pé ó dùn. Ẹ bi í bóyá ohun mímu ló mú wọn dunnú, àbí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá. Kó mọ̀ pẹ̀lú pé ìjọba lè dá sí i: láti 2016, orílẹ̀-èdè Chile kò gba àwòrán kàtúùnù lára oúnjẹ tí ṣúgà tàbí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù.

Ohun méjì ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní, kí ọmọ máa fi ẹ̀kọ́ yìí dójú ti ọmọ ẹlòmíì nílé ìwé nítorí oúnjẹ tó gbé wá. Ẹ kìlọ̀ fún un pé oúnjẹ tiẹ̀ nìkan ló ń bi léèrè. Èkejì, kẹ́ ẹ mẹ́nu ba sísanra tàbí ara ọmọ. Ẹ má ṣe é rárá.

Nílé ìtajà, ẹ fún un ní bísíkíìtì méjì tí owó wọn súnmọ́ra, kó mú ọ̀kan, kó sọ ìdí rẹ̀. Kó fi 100g wé 100g, torí ọ̀rá kékeré máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ṣúgà kéré. Bí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn bá kéré jù láti kà, ẹ fi fóònù yà á, kó fi ìka fẹ̀ ẹ́.