Síìnì Tí Wọ́n Ṣì Jẹ Wá Ní Gbèsè

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ẹ kú àsìkò yìí o gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú tréènì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rọ àmàlà lọ́wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Èmi ni Àǹtí Rónkẹ́, láti Manchester níbí.

LÁŃRE: Èmi ni Láńre ní Houston. Ẹ káàsán mà, Àǹtí.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Káàsán, Láńre. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?

LÁŃRE: Wọ́n wà dáadáa mà, wọ́n ní kí n kí yín.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: A dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ òní, fíìmù ni. Àwọn fíìmù tó lókìkí tá a wò tán tí inú wa ò balẹ̀, tá a dùbúlẹ̀ lóru tá à ń sọ pé àní kí wọ́n fi síìnì kan báyìí kún un, àní kó parí síbòmíì. Ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má bẹ̀rẹ̀ látorí pákó Titanic yẹn.

LÁŃRE: Áà, Àǹtí! Pákó yẹn gan-an ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Mo mọ̀!

LÁŃRE: Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíá ká kúrò níbẹ̀. Látọdún 1997 tí fíìmù yẹn ti jáde làwọn èèyàn ti ń bá James Cameron tó ṣe é fà á pé nígbà tí ọkọ̀ òkun Titanic rì, tí Rose wà lórí pákó, tí olólùfẹ́ ẹ̀ Jack wà nínú omi tútù títí ó fi kú, àyè wà fún Jack lórí pákó yẹn, pé kí Rose ṣáà sún díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé lọ́dún 2023, bàbá yẹn ní kí wọ́n ṣe pákó tó jọ ọ́, wọ́n kó ọkùnrin kan àti obìnrin kan sínú omi tútù, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n National Geographic sì gbé e jáde. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n fi dán an wò, àfi bí wọ́n ṣe rí i pé tí àwọn méjèèjì bá jọ gbé àyà kúrò nínú omi, tí Rose sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni léfòó fún Jack, ó ṣeé ṣe kí Jack yè títí ọkọ̀ fi máa dé. Torí náà, a jàre.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ẹ ò jàre. Jack gbọ́dọ̀ kú. Tí Jack bá yè, wọ́n á dé New York, wọ́n á máa wá owó ilé, wọ́n á máa jà lórí owó oúnjẹ, fíìmù mìíì nìyẹn. Ikú ẹ̀ ló jẹ́ ká ṣì máa sunkún dòní. Èmi ò bínú ikú Jack rárá. Ẹni tí wọn ò jẹ́ ká rí nínú ọkọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú.

LÁŃRE: Ta nìyẹn mà?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Joseph Laroche. Ṣé o mọ̀ pé èèyàn dúdú wà nínú Titanic?

LÁŃRE: Èmi ò mọ̀ o.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Èmi náà ò mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó dùn mí nìyẹn. Ọmọ Haiti ni, Cap-Haïtien ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1886, àbúrò ìyá ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ṣáà ni Cincinnatus Leconte tó ń ṣe Ààrẹ Haiti lásìkò tí ọkọ̀ yẹn rì. Ọmọ ilé ire! Wọ́n rán an lọ sí Faransé nígbà tó ṣì kéré kó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà, ó kọ́ ọ, ó gbàwé ẹ̀, ó fẹ́ Juliette, ọmọ oníṣòwò wáìnì kan lóhùn-ún, wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, Simonne àti Louise. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ kó rí, kò rí i, torí àwọ̀ ara ẹ̀. Tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á síṣẹ́, owó tí ò tó nǹkan ni wọ́n ń fún un. Louise tún wá ń ṣàìsàn, oògùn ń gba owó, Juliette ti lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọkùnrin yẹn wá ní ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.

LÁŃRE: Áà. Àǹtí, ìtàn tiwa nìyẹn nà.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ìtàn wa ni! Mélòó nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa ló gbàwé ẹnjinníà, tẹ́ ẹ wá dé ibí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ máa ko ẹrù ní wíàhaùsì? Bákan náà ni. Wàá tún wá gbọ́ èyí. Ìyá ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mìíì fún wọn, ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní France. Wọ́n wá gbọ́ pé nínú ọkọ̀ yẹn, wọn ò ní jẹ́ káwọn ọmọdé bá òbí wọn jẹun pọ̀. Wọ́n ní láéláé, àwọn ò lè fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ jẹun. Wọ́n fi pààrọ̀ ti Titanic, sẹ́kọ́ńdì kíláàsì.

LÁŃRE: Torí pé wọ́n fẹ́ bá ọmọ wọn jẹun.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Torí ìyẹn. Cherbourg ní Faransé ni wọ́n ti wọ ọkọ̀, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1912. Ìyàwó yè, àwọn ọmọ méjèèjì yè, òun bómi lọ, wọn ò rí òkú ẹ̀. Juliette padà sí Faransé, ó bí ọmọ inú ẹ̀ lóṣù Disẹ́ńbà, ọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Joseph. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, Babátúndé nìyẹn. Fíìmù yìí wá lé ní wákàtí mẹ́ta, Láńre, wákàtí mẹ́ta! A rí àwọn tó ń ta dùùrù, a rí àwọn ajá tí wọ́n ń mú rìn, a ò rí ọkùnrin yẹn.

LÁŃRE: Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí síìnì ẹ̀ rí?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Kò ní gùn. Ìgbà tí Jack àti Rose ń sá kiri nínú ọkọ̀, tí omi ti ń wọlé, kí wọ́n já sí kọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lu ọkùnrin dúdú kan tó gbé ọmọ kan sápá tó di ọmọ kejì lọ́wọ́ mú, ìyàwó ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú oyún. Kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó bá ìyàwó ẹ̀ sọ Faransé. Lẹ́yìn náà ká wá rí i lórí déèkì tó ń na ọmọ kékeré yẹn sí ìyá ẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré. Ó tán. Gbogbo àwa tá a wà nílẹ̀ àjèjì la máa mọ ẹni yẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wa.

LÁŃRE: Ó wọ̀ mí lára mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbèjà Cameron díẹ̀. Ọkùnrin yẹn ya nǹkan tó pọ̀ tó sì yọ wọ́n dànù. Ọkọ̀ Californian tó wà nítòsí, tó fi wáyà kìlọ̀ fún wọn nípa yìnyín, tẹ́ni tó ń gba wáyà nínú Titanic ní kó panu mọ́ torí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, tẹ́ni tinú Californian wá paná ẹ̀rọ ẹ̀ lọ sùn, wọ́n ya síìnì yẹn, wọ́n gé e. Ó ní òun fẹ́ kí ojú wa wà nínú ayé ọkọ̀ Titanic yẹn nìkan.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Mo gbọ́. Síìnì mi ò sì gbójú kúrò nínú ọkọ̀ yẹn, inú ẹ̀ gan-an ló ti máa ṣẹlẹ̀.

LÁŃRE: Ó dáa, ẹ ti borí mi níbẹ̀. Ìparí kejì tí wọ́n yà ńkọ́, ẹ rí i?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Èyí tí wọ́n ti ká Rose tó ti di ìyá arúgbó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú dáyámọ́ńdì, tó wá ń wàásù fún wọn kó tó jù ú sómi? Ọlọ́run ló yọ wá. Kó dá nìkan jù ú bó ṣe jù ú ló dáa.

LÁŃRE: Mo fara mọ́ ọn. Ohun tó tún yẹ kí n bi yín nípa Louise, ọmọ Laroche kékeré tó ń ṣàìsàn yẹn, ìgbà wo ló kú?

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Oṣù kìíní ọdún 1998.

LÁŃRE: Háà! Fíìmù ti jáde nígbà yẹn! Ó ṣì wà láyé! Wọ́n fi òṣèré ṣe ìyá arúgbó tó yè nínú Titanic, ẹni gidi sì wà ní Faransé, ọmọ Joseph Laroche, ẹni ọdún 87. Àní ìbá dáa kí wọ́n gbé kàmẹ́rà lọ bá a níparí fíìmù. Kó jókòó ṣáà ni. Kí wọ́n kọ orúkọ bàbá ẹ̀ sísàlẹ̀.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Láńre, tìẹ ju tèmi lọ. Mo gbà. Ó yá, mú tìẹ gan-an wá.

LÁŃRE: Get Out mà. Jordan Peele, ọdún 2017. Chris bá ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ òyìnbó, Rose, lọ kí àwọn òbí ẹ̀, àṣé ṣe ni wọ́n ń gbé ọpọlọ àwọn arúgbó òyìnbó sínú ara àwọn èèyàn dúdú, ẹni tó ni ara á wá wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, á máa rí gbogbo ẹ̀, kò ní lè gbé ọwọ́ ara ẹ̀. Níparí, Chris ti bọ́, Rose wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń da lára ẹ̀, Chris wà lórí ẹ̀, iná ọkọ̀ ọlọ́pàá wá yọ. Gbogbo sinimá pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Amẹ́ríkà, ẹ mọ bí iná yẹn ṣe máa ń já èèyàn láyà, kódà tó ò bá ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀kùn wá ṣí, Rod ni, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ TSA, àwọn tó ń yẹ èèyàn wò ní pápákọ̀ òfuurufú. A pariwo débi pé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ mọ́.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é o.

LÁŃRE: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà, Chris fún Rose lọ́rùn pa, ọlọ́pàá gidi ló dé, ẹ̀wọ̀n ló bá ara ẹ̀. Rod wá wò ó, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì, Rod ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí orúkọ àwọn èèyàn yẹn, Chris ní kó fi sílẹ̀, òun ti dá a dúró. Peele ní ìgbà tí òun ń kọ ọ́, ayé Obama ni, àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ dúdú àti funfun ti tán, òun fẹ́ fìyẹn jí wọn. Nígbà tí fíìmù máa fi jáde, kò sẹ́ni tó ṣì ń sùn, ó wá rí i pé ẹni tó máa gba Chris sílẹ̀ làwọn èèyàn nílò.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Ìparí ẹ̀wọ̀n yẹn ló jọ òótọ́ jù lójú tèmi.

LÁŃRE: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Àǹtí, òótọ́ yẹn la máa ń bá nínú ìròyìn láràárọ̀. Ẹ jẹ́ ká rí ẹyọ kan tó délé. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n yí ìparí yẹn padà rárá. Ohun tí mo fẹ́ ni Andre. Andre Hayworth, ará Brooklyn, ẹni tí wọ́n jí gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, tá a tún wá rí níbi àríyá yẹn tó ń múra bí arúgbó. Fíláàṣì fóònù Chris tàn sí i lójú, imú ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, ó rá mọ́ Chris, ó ní kó sá jáde. Òun ló kìlọ̀ fún un! Ilé wá jóná, gbogbo wọn kú, Andre ò sí níbẹ̀. A ò rí i mọ́. Ó ṣì wà níbì kan nínú ilé obìnrin òyìnbó tí wọ́n jọ wá síbi àríyá yẹn, ó ń wòran ayé ara ẹ̀.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Olúwa ò. Mi ò ronú kàn án rí.

LÁŃRE: Kí Rod má darí ọkọ̀ sílé. Kí Chris ní dúró, ẹnì kan kù. Kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn yẹn, kí Chris gbé fóònù sókè.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀? Walter, òṣìṣẹ́ ilé wọn tí wọ́n ti fi ọpọlọ bàbá àgbà Rose sínú ara ẹ̀, òun náà jí, fíláàṣì yẹn náà ló jí i, ó yìnbọn fún Rose, ó yìnbọn fún ara ẹ̀. Kò fẹ́ padà síbẹ̀. Ìjí yẹn kì í pẹ́.

LÁŃRE: Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa fẹ́ wà láyé.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Nígbà náà, kí Rod ti pe ìyá Andre kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní wọ́n ń wá a, èèyàn kan ló ń wá a. Kí ìyá yẹn wà nínú ọkọ̀. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó bá fi jí, kó jẹ́ ojú ìyá ẹ̀ ló máa rí, kó pè é lórúkọ. Ohun tó bá fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kó ṣe é.

LÁŃRE: Ẹ dúró ná mà, ẹ jẹ́ n mí.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Mí, ọmọ mi.

LÁŃRE: Ó yá, ẹ gbé wa délé. Aníkúlápó.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Arólákẹ́ mi! Kúnlé Afọláyan ṣe iṣẹ́ ńlá lọ́dún 2022 yẹn, mi ò ní bu iṣẹ́ ẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n Arólákẹ́, olorì Ọ̀yọ́, fi ààfin sílẹ̀ torí Sàró, ọkùnrin aláṣọ òfì, obìnrin yẹn ló wà nídìí bí Sàró ṣe padà sáyé lẹ́yìn tó kú, Sàró wá lówó tán, ó gbàgbé ẹ̀, ó ń kó ìyàwó jọ. Obìnrin yẹn lọ, agbára tí Sàró fi ń jí òkú lọ, Sàró kú. Gbogbo wa ń wo òkú Sàró. Ta ló ń wo Arólákẹ́? Mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣe abala kejì lọ́dún 2024. Inú fíìmù àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni mo ti fẹ́ ẹ, kí wọ́n tó kọ orúkọ òṣèré kankan. Kó dé ìlú tí wọn ò mọ̀ ọ́n, kó ra igbá àti ìkòkò, kó pàtẹ ọjà láàárọ̀. Kí ẹnì kan bi í pé ìyàwó ta ni. Kó ní Arólákẹ́ lorúkọ òun.

LÁŃRE: Àwọn kan máa ní kó fẹ́ ọkọ mìíì kó bímọ.

ÀǸTÍ RÓNKẸ́: Tó bá wù ú. Kó kọ́kọ́ tajà ná! Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, síìnì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún fíìmù kan ṣoṣo, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, a máa gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Láńre, kí ìyàwó ẹ fún mi.

LÁŃRE: Á gbọ́ mà. Ó dàbọ̀ o gbogbo ilé.