Nọ́ńbà kan kò tó: káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé àti ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá wa

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n gba Ìmẹ̀sí-Ilé kọjá kí n tó dé ọ̀rọ̀ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé-ìwòsàn Wesley Guild wa níbí ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Wọn a gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọn a fi àmì sórí káàdì, wọn a sì dá káàdì náà padà fún ìyá kí ó gbé e lọ sílé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kì í fi ìwọ̀n ọjọ́ kan dájọ́. Ìlà ló ń wò, bóyá ó ń gòkè ni tàbí ó ti ń wálẹ̀.

PSA, èròjà láti inú prostate tí wọ́n ń wọn nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi wá jẹjẹrẹ prostate, òun náà nílò káàdì. Jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló ń gbé e sókè; bí prostate bá wú nítorí ọjọ́ orí, tàbí tí kòkòrò àìsàn bá wọ̀ ọ́, yóò lọ sókè. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa gbà pé bí a bá ti pàgọ́ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, tí a gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti parí. Mo ti takò wọ́n rí, mo sì tún takò wọ́n lónìí: nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ní fi wé òmíràn, ìpayà ni yóò dá sílẹ̀.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí bàbá kan fi dìde, tó yọ ìwé èsì tó ká sí mẹ́rin lápò agbádá rẹ̀. “Dókítà, 3 ni tèmi. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti tó 4, kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ṣé mo ti bọ́?”

Bàbá, 4 kì í ṣe odi ìlú. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004 yẹ prostate àwọn ọkùnrin 2,950 wò, tí PSA wọn kò fìgbà kan kọjá 4. Wọ́n bá jẹjẹrẹ lára 449. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ń rọra rìn, tí ẹni tó ní in yóò fi darúgbó láìmọ̀. Èyí tó ń pani là ń wá, títẹ̀lé ènìyàn fún ọdún gbọọrọ ló sì ń yà á sọ́tọ̀. Ní Malmö, ní Swídìn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin 1,167 tí wọ́n bí ní 1921 nígbà tí wọ́n pé ẹni 60 ọdún, wọ́n gbé e sínú yìnyín, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn títí di ọdún 85. Nínú àwọn tí jẹjẹrẹ yìí pa, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni PSA wọn ti ju 2 lọ láti ọdún 60. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó kú nínú àwọn tí tiwọn kò tó 1. Ìdènà nìyẹn: a ó jẹ́ kí àwọn kan máa bá oko wọn lọ, a ó sì fa àwọn kan mọ́ra, pàápàá ẹni tí àrùn yìí ti mú bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Malmö kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àrùn yìí a máa tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú, a sì máa le. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tiwa, kí a tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin tiwa bí a ti tẹ̀ lé ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé.

Àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ti oògùn. Fítámì E tí wọ́n ń tà fún ìdènà, ìwádìí lára àwọn ọkùnrin 35,533 fi hàn ní 2011 pé ńṣe ló fi ìpín 17 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu jẹjẹrẹ prostate. Ẹ má rà á nítorí èyí.

Mo béèrè iye tí PSA bàbá náà jẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ó ní ìwé ìgbà yẹn ti sọnù. Mo yí ìwé ọwọ́ rẹ̀ padà, mo ya ìlà káàdì sẹ́yìn rẹ̀, mo fi àmì sí 3, mo kọ ọjọ́ àyẹ̀wò náà sábẹ́, mo sì dá a padà fún un kí ó gbé e lọ sílé.