Ẹ Má Kàn Sọ Pé Ó Jọ Fọ́tò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fojú inú wo ẹ̀kán omi kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin nínú àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn títí tó fi jọ fọ́tò, kí ẹ sì sọ àwọ̀ tí ayàwòrán fi kùn ún fún mi.

Funfun, àbí? Rárá o. Funfun ibẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni gbogbo ìyókù: ó ṣókùnkùn díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ó sì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú omi kọjá kí ó tó balẹ̀ sí òdìkejì. Kò sí ọ̀dà kankan tó ń jẹ́ àwọ̀ omi. Ojú yín ló pè é ní omi.

Iṣẹ́ tí à ń pè ní hyperrealism nìyẹn, ìyẹn fífi ọwọ́ ya nǹkan títí yóò fi dà bí ohun gidi, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn òǹwòran ti máa ń ṣìnà. Wọn á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, wọn á ní, “Ó mà jọ fọ́tò o!”, wọn á sì kọjá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, jíjọ fọ́tò kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. JÍJỌ FỌ́TÒ KỌ́ NI ÒPIN Ọ̀RỌ̀! Ara fọ́tò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayàwòrán yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ Chuck Close, ará Amẹ́ríkà, ẹni tó ya ojú ara rẹ̀ ní dúdú àti funfun láàárín ọdún 1967 sí 1968, sórí aṣọ ìyàwòrán tó ga ju mítà 2.7 lọ. Walker Art Center, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, ni àwòrán náà wà. Bí ẹ bá wo agbègbè ojú rẹ̀, ẹ lè ka irun ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ẹ̀yìn etí àti ọrùn, ó ṣe bàìbàì. Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni? Ó tì o! Awò kámẹ́rà kì í sábà rí ohun tó sún mọ́ ọn àti èyí tó jìnnà kedere lẹ́ẹ̀kan náà, Close sì fi sùúrù ya bàìbàì yẹn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe fi sùúrù ya irun.

Èmi a máa fi í wé onítàn tó mọ ibi tí yóò ti rẹ ohùn sílẹ̀. Àwòrán tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ mú bí abẹ kì í pẹ́ sú mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú.

Fóònù ló tún máa ń bí mi nínú. Ẹ wo iṣẹ́ tó ga ju ènìyàn lọ nínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ ní ó jọ fọ́tò. Kí ni kò ní jọ fọ́tò sí? Fọ́tò rẹ̀ ni ẹ ń wò! Ìgbà tí ẹ bá dé iwájú ojúlówó, ẹ sún mọ́ ọn láìfọwọ́ kàn án, títí tí ojú inú àwòrán yóò fi tú di ọ̀dà lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ ibi gan-an tí ọ̀dà ti padà di awọ ara. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.