Gẹ̀hẹ́nà: àfonífojì tó di ọ̀run àpáàdì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo máàpù yìí. Jerúsálẹ́mù rèé. Ẹ rí kòtò gbọọrọ tó gba ìwọ̀ oòrùn ìlú àtijọ́ náà bọ́ sí gúúsù? Àfonífojì Hínómù nìyẹn. Gé-Hínómù lẹ́nu Hébérù, Gẹ̀hẹ́nà lẹ́nu Gíríìkì, Jahannama lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí wa. Ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ni o!

Wàyí, ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í rèé. Wọ́n á ní ààtàn ìlú ni, pé pàǹtí ló ń jó níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Lórí àga ìwàásù, wọ́n ń sọ ọ́. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ ńbẹ̀! Nǹkan bí ọdún 1200 ni olùkọ́ ẹ̀sìn Júù kan, Rábì David Kimhi, kọ ìyẹn sílẹ̀, ó ti lé ní 1,000 ọdún lẹ́yìn Jésù. Kò sí òǹkọ̀wé ayé Jésù kankan tó sọ ọ́.

ỌMỌ ni wọ́n ń sun níbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ỌMỌ! Jeremáyà orí 7 ẹsẹ 31: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, nínú iná, ní Tófẹ́tì, ojúbọ tó wà nínú àfonífojì náà. Ọba Jòsáyà ló lọ sọ ibẹ̀ di aláìmọ́, kẹ́nikẹ́ni má baà fi ọmọ rẹ̀ rúbọ sí òrìṣà Mólékì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí èyí dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ní orí 19, Ọlọ́run ní kí Jeremáyà ra ìkòkò amọ̀, kó gbé e lọ sí àfonífojì yìí kan náà, lẹ́nu ibodè tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé túmọ̀ sí Ibodè Àpáàdì. Àpáàdì kẹ̀! Ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀ yángá lójú àwọn àgbààgbà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yóò ṣe fọ́ ìlú náà, tí kò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Àwa náà mọ̀ pé ìkòkò tó bá ti di àpáàdì, kò sí amọ̀kòkò tó lè lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má da ipò òkú pọ̀ mọ́ Gẹ̀hẹ́nà o! Ṣìọ́ọ̀lù ni Hébérù ń pe ìyẹn. Jákọ́bù fúnra rẹ̀ ní òun á sọ̀kalẹ̀ lọ bá Jósẹ́fù níbẹ̀. Ṣé Jákọ́bù ń lọ sínú iná ni? Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀rọ̀ kan náà, “hell”, ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 fi pe méjèèjì. Ẹ ṣí ti Yorùbá wa: Sáàmù 16 ẹsẹ 10, ipò òkú, Mátíù 5 ẹsẹ 22, iná ọ̀run àpáàdì. Àwọn baba wa tó túmọ̀ ọ yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ẹsẹ méjèèjì yìí.