Ara Ni Ọlọ́run Kọ́kọ́ Tọ́jú: Ìyànjú Òwúrọ̀ fún Ìgbà Òtútù

Kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:4-8, 2 Tímótíù 4:13, 21

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ sì kú òtútù.

Nígbà tí Èlíjà jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, Olúwa ò bá a wí. Áńgẹ́lì kàn fọwọ́ kàn án pé kó dìde, kó jẹun. Àkàrà àti omi ti wà nígbèrí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún ní kó jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó rin ìrìn 40 ọjọ́ dé Hórébù, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti wá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló ń bá ara wọn jà nígbà òtútù. Oorun á máa kùn wọ́n láàárọ̀, ara á wúwo, ẹnu á máa wá nǹkan dídùn, wọn ò ní fẹ́ rí èèyàn, àdúrà ò sì ní rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n á ní ọ̀tá ló dé, tàbí pé ìgbàgbọ́ àwọn ti jó rẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìmọ́lẹ̀ ló dín kù. Láti 1984 ni Norman Rosenthal, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìsoríkọ́ kan wà tó máa ń bá ìgbà òtútù dé, tó sì máa ń bá a lọ.

Ojú ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń dá melatonin, èròjà tó ń pe oorun, dúró. Bí ilẹ̀ ò bá tètè mọ́, tí èèyàn tún wà nínú ilé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, aago inú ara á máa falẹ̀. Nítorí náà, láàárín wákàtí kan tí ẹ bá jí, ẹ jáde síta fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ má wò ó pé ojú ọ̀run ṣú. Ìmọ́lẹ̀ inú ilé kì í sábà ju 300 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ, nígbà tí ìta lè kọjá 1,000 lux lọ́sàn-án tí kùrukùru bolẹ̀ pàápàá. Ẹ lè gba àdúrà òwúrọ̀ yín bí ẹ ṣe ń rìn. Ọlọ́run ò ní kẹ́ ẹ di ojú.

Ẹni tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ ńkọ́? Àtùpà ìtọ́jú tó ní 10,000 lux wà, ìṣẹ́jú 20 sí 30 láràárọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á gbé e sí igun yàrá. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń kàn yín á kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, ó sábà máa ń jẹ́ 40 sí 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ la ojú, ṣùgbọ́n ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ má tàn án lálẹ́, á lé oorun lọ. Ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ojú ń dùn, tàbí tí inú rẹ̀ máa ń dùn láìnídìí kó tún wó lulẹ̀, kó rí dókítà ná.

Ọ̀rọ̀ fítámì D yàtọ̀ síyẹn, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Gíláàsì fèrèsé ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ó ń dí ìtànṣán tí awọ ara fi ń ṣe fítámì D. Awọ dúdú ló sì ń pẹ́ jù kó tó ṣe é. Máíkírógíráàmù 10 (400 IU) lójúmọ́ tó ọ̀pọ̀ àgbàlagbà; ẹ má kọjá máíkírógíráàmù 100 láìjẹ́ pé dókítà ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Pọ́ọ̀lù, nínú ẹ̀wọ̀n, ní kí Tímótì bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì wá, kó sì gbìyànjú láti dé kí ìgbà òtútù tó dé. Aṣọ ló ní kó mú wá, èèyàn ló sì ń retí. Ẹ wọ aṣọ ní ìpele-ìpele. Ẹ má fi òwú tó ti mu òógùn sí ara, torí bó bá ti tutù, ooru ara ló ń fà. Ẹ jẹ́ kí ilé tó 18°C, ó kéré tán. Ẹ má ṣe dáná èédú sínú yàrá láé: carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú tó ń jó, ò ní òórùn, orí á kàn fọ́, òòyì á kọ́ni, ẹni tó bá ti sùn lọ lè má jí mọ́. Ọtí náà ń tanni jẹ. Awọ á gbóná, ooru inú ara á sì máa jáde.

Bí ìbànújẹ́ bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ẹ lọ rí dókítà. Bí èrò ikú bá wọlé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wí fún ẹnìkan.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ tí ilẹ̀ mọ́ bá wa lónìí, bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó mọ́.

Ìwọ tí o bọ́ Èlíjà kí o tó bá a sọ̀rọ̀, fún wa lágbára láti dìde lórí ibùsùn, ká wọ bàtà, ká jáde.

Olúwa, ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti ọjọ́ mélòó kan, mú orúkọ rẹ̀ wá sí ọkàn wa, ká pè é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru àti àwọn tí kò nílé. Ẹsẹ̀ wa kò ní yọ̀ lórí yìnyín, èéfín kò ní pa wá lójú oorun, òtútù ọdún yìí kò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé wa.

Ní orúkọ Jésù. Àmín.