Ta Ló Bá Roy Kẹ́dùn?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Roy Cropper inú Coronation Street, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ oníkafé yẹn.

Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 2003, Tracy Barlow, obìnrin kan ládùúgbò wọn, bá obìnrin míì tó ń jẹ́ Bev ta tẹ́tẹ́ pẹ́nì kan pé òun á bá Roy sùn. Ó fi oògùn sí ohun tí Roy ń mu. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní Roy ti bá òun sùn, irọ́ sì ni, àmọ́ nígbà tó lóyún, Roy ló gbé e lé lọ́rùn. Ẹ jẹ́ á fo ìyókù.

Roy àti Hayley, olólùfẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ò lè bímọ. Wọ́n gbà láti fún Tracy lówó, Roy tiẹ̀ fẹ́ ẹ ní kóòtù nítorí ọmọ náà. Ọmọ dé ní 2004, wọ́n sọ ọ́ ní Patience. Ó di ọjọ́ ìgbéyàwó Steve àti Karen, àwọn ará àdúgbò kan náà, Tracy bá là á mọ́lẹ̀: Steve ló ni ọmọ! Ariwo ta. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Steve, wọ́n yí sọ́dọ̀ Karen. Hayley ńkọ́? Hayley, tó ti ń pe ọmọ yẹn ní tirẹ̀! Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ Roy àti Hayley, wọ́n gba orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó di Amy.

Mo ń gbọ́ ẹnìkan níbẹ̀ yẹn: “Ṣebí rírà ni wọ́n fẹ́ ra ọmọ?” Hẹn-ẹn. Ọmọ kì í ṣe ọjà, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n Roy gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun ni! Ẹ̀yin náà mọ iye ọkùnrin ilé wa tó mọ̀ dájú pé òun lóun ṣe é, tó ṣì ń sọ pé “oyún yẹn kì í ṣe tèmi o.” Roy ò rántí nǹkan kan, ó sì gbà á. Ó gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó gba ẹrù, ó múra bàbá.

“Àyẹ̀wò DNA ì bá ti parí ẹ̀.” Á parí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ti ọkàn ńkọ́?

“Fíìmù lásán ni.” (Ẹ̀rín.) Ẹ lọ sọ ìyẹn fún màmá mi, tó máa ń ṣépè fún ìyáálé burúkú inú tẹlifíṣọ̀n!

Rárá, mi ò ṣeré. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, ta lẹ̀yin bá kẹ́dùn?